ÀWỌN ÒṢÈRÉ TÍ ẸNIKẸ́NI KÌ Í SANWÓ FÚN: Afárá Lẹ́kkí, Tíátà Ìgànmú àti Ilé Àwòṣífìlà nínú fíìmù wa

Òṣèré kan wà nílùú Èkó tó jẹ́ pé láàárín ọdún mẹ́wàá àti díẹ̀ péré, fíìmù tó ti kópa kò ṣeé kà mọ́. Kò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí, kò bá adarí fíìmù fa wàhálà, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí pé ó gba ọkọ ọlọ́kọ. Bí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi hàn yín. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú nínú ìtàn, òun náà ni. Bí ọkọ bá já ìyàwó ẹ̀ jù sílẹ̀, tí ìyẹn ń wa mọ́tò sunkún lọ, orí ẹ̀ ló máa gbà kọjá. Orúkọ òṣèré yìí ni afárá tó so Lẹ́kkí pọ̀ mọ́ Ìkòyí.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, ọdún 2013 ni Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá ṣí afárá náà. Iléeṣẹ́ Julius Berger ló kọ́ ọ. Kò gùn rárá, kìlómítà 1.36 péré ni, ọmọ àná ló jẹ́ lójú Third Mainland. Àmọ́ ẹwà ń bẹ lára ẹ̀. Òpó ńlá kan tó ga fíofío ni wọ́n fi àwọn okùn irin so ó mọ́, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, iná á bo gbogbo ara ẹ̀, omi ọ̀sà á máa dán lábẹ́ ẹ̀. Kí ni onífíìmù tún ń wá?

Ohun tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀ gan-an ni dúróònù, kámẹ́rà kékeré tó ń fò lófuurufú bí ẹyẹ. Láyé àwọn Ògúndé, ta ló fẹ́ rówó hẹlikópítà tí yóò máa fi ya ìlú láti òkè? Orí ilẹ̀ ni kámẹ́rà ń dúró sí, ohun tó bá wà níwájú ẹ̀ ló máa rí. Lónìí, ọmọkùnrin kan pẹ̀lú báàgì kan léjìká á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, á tẹ bọ́tìnnì, kámẹ́rà á gbéra. Òfin ní kó kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò àti lọ́wọ́ àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú. Kì í ṣe gbogbo wọn ló máa ń rántí ìyẹn. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní yọ ara wọn lẹ́nu débẹ̀, àwòrán tí ẹlòmíràn ti yà sílẹ̀ ni wọ́n máa yá lò. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dà bíi pé ọkọ̀ pupa kan náà ló ń gun afárá yẹn nínú fíìmù mẹ́ta.

Ohun tí wọ́n ń fi afárá náà sọ kò ju gbólóhùn méjì lọ: Èkó la wà yìí o, owó sì wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn tẹ́ ẹ fẹ́ rí yìí. Wọ́n ti sọ ọ́ di ìkíni. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wá ń di ẹ̀rín ni pé ọ̀pọ̀ wọn kì í bìkítà bóyá ìtàn náà gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n á ní ọmọkùnrin náà ń gbé ní Ìpájà, Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́. Bó ṣe jáde nílé láàárọ̀ báyìí, afárá Lẹ́kkí ni wọ́n máa fi hàn wá. Kí ló wá dé ọ̀hún? Ọ̀nà ibo ló gbà? Ẹni tó bá ń wọ dánfó lójoojúmọ́ mọ̀ pé ìrìn àjò yẹn ò lórí, kò nídìí. Ní Ṣómólú tàbí ní Agége, bí wọ́n bá ń wo fíìmù lálẹ́, ẹnìkan á sáà ṣáà sọ ọ́ pé, “Ó ti ṣìnà nìyẹn!”

Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ afárá náà dáadáa nínú fíìmù ni ẹsẹ̀ wọn ò tẹ̀ ẹ́ rí, nítorí owó ibodè wà níbẹ̀. Ẹ má sì ṣe ṣi ibodè yìí mú o. Ọ̀tọ̀ ni ti orí afárá yìí, ọ̀tọ̀ ni ibodè Lẹ́kkí tó wà lójú títì ńlá tó lọ sí Ẹ̀pẹ́, níbi tí àwọn ṣọ́jà ti yìnbọn síbi táwọn ọ̀dọ́ kóra jọ sí lásìkò ìwọ́de EndSARS lógúnjọ́, oṣù kẹwàá, ọdún 2020. Kó tó di ọjọ́ náà, bí ibodè yẹn bá hàn nínú fíìmù, ibodè lásán ni lójú àwọn èèyàn. Láti ọjọ́ náà, kò sí onífíìmù tó lè fi ibẹ̀ ṣe ẹ̀yìn àwòrán bí ẹní ń fi ògiri ṣe é. Ẹni tó ń wò ó á dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Lórí afárá Lẹ́kkí sí Ìkòyí, wọ́n dáwọ́ owó gbígbà dúró lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹrin, ọdún 2022 ni wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á.

Kí afárá yìí tó dé, Third Mainland ni ọ̀gá. Ọdún 1990 ni Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ṣí i tán pátápátá, gígùn ẹ̀ tó kìlómítà mọ́kànlá àtààbọ̀ ó lé díẹ̀. Títí di ọdún 1996 tí wọ́n parí èyí tó gùn jù ú lọ nílùú Káírò, kò sí afárá tó gùn tó o nílẹ̀ Áfíríkà. Orin ìfẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi ń gùn ún nínú fíìmù. Tọkọtaya á wà nínú Mẹ̀sí, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́, ọ̀sà á wà lápá kan. Kámẹ́rà kì í fẹ́ yíjú sí apá kejì, níbi tí èéfín igi ìsunja ti ń rú nínú àwọn ilé orí omi Mákòókó. Bí wọ́n bá yíjú síbẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé ìtàn ìṣẹ́ ló kàn.

Lásìkò fídíò, lẹ́yìn ọdún 1992 tí Living in Bondage ti là á fún àwọn tó ń ta káṣẹ́ẹ̀tì ní Ìdúmọ̀tà, pápákọ̀ òfuurufú Múrítàlá ní Ìkẹjà ni wọ́n fẹ́ràn. Ọdún 1979 ni wọ́n ṣí i. Ọmọ tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé á gbé báàgì jáde, ẹbí á fò mọ́ ọn, ìyá á gbé ọ̀já ìró so gírígírí, kámẹ́rà á sì fi orúkọ tó wà lára ilé náà hàn kedere kó má baà sí àríyànjiyàn. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìgboro Èkó ló ń bọ̀ láti abúlé, àwọn àgbà mẹ́ta onífìlà tí wọ́n gbẹ́ sẹ́nu ìwọ̀lú lójú títì Ìbàdàn ló máa ń kí i káàbọ̀. Ọmọdé kan ò ní béèrè mọ́ pé ibo nìyí.

Àmọ́ bí ẹ bá ń sọ ti baba gbogbo wọn, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìgànmú.

Torí àjọ̀dún FESTAC ọdún 1977 ni ìjọba ológun ṣe kọ́ Tíátà àpapọ̀. Ààfin àṣà àti eré ìdárayá kan tó wà nílùú Varna lórílẹ̀-èdè Bulgaria ni wọ́n wò kọ́ ọ, ṣùgbọ́n fìlà ọ̀gágun làwọn ará Èkó pè é, nítorí pé bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Gbọ̀ngàn ńlá inú ẹ̀ gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn. Ohun tí ilé yìí fi yàtọ̀ sí gbogbo afárá tá a ti ń sọ ni pé ó wà nínú fíìmù, fíìmù náà sì wà nínú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ya ìta ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi eré hàn nínú ẹ̀. Lásìkò ọdún Àjíǹde tàbí Kérésì, àwọn èèyàn á tò lọ rẹrẹẹrẹ láti wo Ayé tí Hubert Ògúndé gbé jáde lọ́dún 1979, tàbí Jáíyésinmi tó tẹ̀ lé e lọ́dún 1980, tàbí eré Bàbá Sàlá. Àwọn ìyá ọlọ́jà á ti ìsọ̀, àwọn ọmọ iléeṣẹ́ á wọ aṣọ ẹgbẹ́. Ẹni tó bá lọ á rí ara ẹ̀ bí ọmọ ìlú.

Nígbà tó yá, ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Iná ò dúró, ẹ̀rọ amúlétutù kú, ọgbà ẹ̀ di ibi táwọn èèyàn ti ń mutí. Lásìkò náà, bí fíìmù bá fi Ìgànmú hàn, láti ọ̀ọ́kán ni, torí pé bí èèyàn bá sún mọ́ ọn, ó di ìtìjú. Ẹgbẹ́ àwọn báńkì ló wá gbé àtúnṣe ẹ̀ sọ́rùn. Lọ́dún 2024 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pé àádọ́rùn-ún ọdún, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fi orúkọ ẹ̀ sọ ilé náà, wọ́n sì tún un ṣí lọ́jọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹwàá, ọdún 2025. Orúkọ tuntun náà gùn, bí ẹ bá wọ dánfó lónìí, “Tíátà” náà ni kọ̀ndọ́tọ̀ ń pè.

Ká má fi gbogbo ẹnu sọ ti Èkó, Ìbàdàn náà ní tiẹ̀. Ọdún 1965 ni wọ́n parí Cocoa House ní Dùgbẹ̀, àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, owó kòkó àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn ará Ìbàdàn ló sọ ọ́ ní Àwòṣífìlà, nítorí bí èèyàn bá gbójú sókè wò ó dópin, fìlà á já bọ́ lẹ́yìn. Iná jó o lóṣù kìn-ín-ní, ọdún 1985, ọdún 1992 ni wọ́n tó tún un ṣí. Onífíìmù tó bá fẹ́ sọ ìtàn Ìbàdàn ìgbà Awólọ́wọ̀ ò lè sá fún un. Ohun kan tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ ni pé bí ìtàn bá jẹ́ ti 1960, Àwòṣífìlà ò tíì sí níbẹ̀ o! Òrùlé páànù àti Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1929 ni kí wọ́n wá lọ.

Irú ẹ̀ náà ló wà ní Abẹ́òkúta, ibi tí Túndé Kèlání ti sọ di ilé. Fíìmù Ayinla tó gbé jáde lọ́dún 2021 sọ ìtàn Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin Àpàlà tí wọ́n pa lóṣù karùn-ún, ọdún 1980. Ta ni yóò sọ irú ìtàn yẹn tí kò ní wá àpáta Olúmọ? Ṣùgbọ́n láti ọdún 2006 ni wọ́n ti gbé ẹ̀rọ agbéniròkè sí Olúmọ. Ẹni tó bá fẹ́ ya Abẹ́òkúta ti 1980 gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ń kọ kámẹ́rà sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn aláròyé á rí i. Akinọlá Davies náà kó sí irú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú My Father's Shadow, fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wọ inú àwọn tí wọ́n yàn fún àjọ̀dún Cannes, lọ́dún 2025. Bàbá kan mú ọmọ ẹ̀ méjì wá sí Èkó lásìkò ìbò June 12, 1993. Ẹ rò ó wò: Èkó láìsí afárá Lẹ́kkí, láìsí òpó fóònù, láìsí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹ̀yìn àwòrán nìkan tó ohun tó ń fa orí fífọ́.

Àwọn òyìnbó ò tiẹ̀ ní wàhálà yìí, irọ́ ni wọ́n ń pa ní tiwọn. Lọ́dún 2016, nínú Captain America: Civil War, ìjà ńlá kan ṣẹlẹ̀ ní Èkó, ilé wó, ọjà dàrú, èèyàn kú. Àwọn ọmọ Nàìjíríà pariwo ní sinimá pé wọ́n ti dárúkọ wa. Èkó kọ́ o! Ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti yà á. Tears of the Sun tí Bruce Willis ṣe lọ́dún 2003 náà, tí wọ́n ní igbó Nàìjíríà ni, Hawaii ni igbó ọ̀hún wà. Ìyàtọ̀ wà láàárín àwọn yẹn àti Ossie Davis, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó wá sí Èkó fúnra ẹ̀ tó wá ya Countdown at Kusini, tó jáde lọ́dún 1976.

Èèyàn lè bi wọ́n pé, kí ló dé tẹ́ ò wá sí Èkó? Àwọn onífíìmù tiwa ló lè dáhùn. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ya ère tàbí iṣẹ́ ọnà tó wà ní gbangba sínú fíìmù, ó ti wà nínú òfin láti ọdún 1988. Òfin àdúgbò ni òfin tó le. Bí wọ́n bá ti gbé kámẹ́rà kalẹ̀ báyìí, àwọn ọmọọ̀ta á yọ. “Ta lẹ rí kẹ́ ẹ tó máa ya ibí?” Wọ́n á san ti àwọn tó wà lápá ọ̀tún, ti apá òsì á dé. Ẹni tó ti sanwó láàárọ̀ á tún san lọ́sàn-án, torí pé àwọn tó gbà á láàárọ̀ ti lọ sùn. Ẹni tó mọ èyí ló mọ ìdí tí dúróònù fi dùn mọ́ wọn, àgbèrò ò sáà lè gbowó lọ́wọ́ ẹyẹ.

Kì í sì í ṣe owó nìkan ló ń fa ìjà. Ìgbà mìíràn, àwọn tó nilé ní ẹ̀yìn kámẹ́rà lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Nígbà tí Gangs of Lagos tí Jádésọlá Òṣíbérù darí jáde lóṣù kẹrin, ọdún 2023, Ìsàlẹ̀ Èkó ni ìtàn náà ti wáyé, aṣọ Ẹ̀yọ̀ sì ni àwọn apààyàn inú ẹ̀ wọ̀. Ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ bíbí Ìsàlẹ̀ Èkó gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Lójú onífíìmù, ìran tó wuyì ni. Lójú ẹni tí bàbá ẹ̀ kú tí wọ́n sì gbé Ẹ̀yọ̀ fún, ọ̀rọ̀ ìdílé ni. Àwọn méjèèjì ń wo aṣọ funfun kan náà ni o.

Ẹ̀sùn tó wà nílẹ̀ fún àwọn fíìmù tòní ni pé bí wọ́n bá fẹ́ ṣàfihàn ọlọ́wọ̀, Lẹ́kkí. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣàfihàn olè, Àjẹ́gúnlẹ̀ tàbí Mushin. Bíi pé kò sí tíṣà ní Mushin, bíi pé kò sí olè ní Ìkòyí! Díẹ̀ lára wọn kọ̀ láti bá wọn kó sí i. Àwọn ìbejì kan, Arie àti Chuko Esiri, gbé Eyimofe jáde lọ́dún 2020. Oníṣẹ́ iná ní iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé kan àti ọmọbìnrin onírun kan ni ìtàn náà dá lé, àwọn tó ń wá ọ̀nà àtilọ sí Sípéènì àti Ítálì. Yàrá tó há, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń dá èèyàn padà, wáyà iná tó lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn, ìyẹn ni Èkó tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ kó lè bá ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹwà lásán, torí pé ìlú ń yí padà, bẹ́ẹ̀ ìjọba wa kì í tọ́jú nǹkan. Òṣòdì tó jẹ́ pé ọjà, ọkọ̀ àti èèyàn ló dì mọ́ra wọn níbẹ̀, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2009 ni Fáṣọlá palẹ̀ ẹ̀ mọ́. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ò lè mọ bó ṣe rí, àfi tó bá rí i nínú fídíò àtijọ́, níbi tó ti wà lẹ́yìn òṣèré tó ń sáré lé mólúè. Ẹni tó ya fídíò náà ò mọ̀ pé òun ń tọ́jú Òṣòdì pamọ́. Ó kàn ń wá ibi tí òṣèré òun máa sáré gbà ni.

Bí fíìmù náà fúnra ẹ̀ bá wá sọnù ńkọ́? Ibi tó ti dun èèyàn jù nìyẹn. Adé Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love gbé Taxi Driver jáde lọ́dún 1983. Kò sí bí wọ́n ṣe máa ya ìtàn awakọ̀ takisí láì fi títì hàn. Bàbá Sàlá ṣe Ọ̀run Móoru lọ́dún 1982, wọ́n jí i dà kọ kó tó jẹ èrè, gbèsè ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Orí sẹlulọ́ọ̀dì ni wọ́n ń ya gbogbo ìyẹn, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń fọ̀ wọ́n, nítorí pé kò síbi tí wọ́n ti lè ṣe é nílé. Ooru àti ọ̀rinrin kì í jẹ́ kí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ pẹ́ nílẹ̀ wa. Bó bá ti bàjẹ́, títì tó wà nínú ẹ̀ bá a lọ, àti pátákó ìsọ̀, àti aṣọ tí àwọn tó ń kọjá wọ̀, àti ojú wọn.

Nígbà mìíràn, orí á ṣe é. Shaihu Umar, fíìmù Hausa tí Adamu Halilu ṣe lọ́dún 1976, ti sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó rí agolo ẹ̀ nínú ibi ìkó-fíìmù-sí ìjọba nílùú Jos lọ́dún 2016. Àwọn ará Jámánì bá wọn tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní àjọ̀dún fíìmù Berlin lọ́dún 2018. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà nínú irú agolo bẹ́ẹ̀ ò tíì rí ẹni tó máa ṣí i.

Ilé ò ní agolo ní tiẹ̀. Ní Tinúbú Square, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìlọ́jọ̀ Bar. Ìdílé Fernandez, àwọn àgùdà, ló kọ́ ọ lọ́dún 1855 pẹ̀lú fèrèsé rọ̀bọ̀tọ̀ àti irin ọlọ́nà, bí wọ́n ṣe ń kọ́lé ní Bràsíìlì. Ìjọba kéde ẹ̀ lọ́dún 1956 pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ni, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2016, katakata wó o lulẹ̀. Fún onífíìmù, ilé yẹn nìkan tó láti sọ fún ẹni tó ń wo eré pé Èkó ayé ọjọ́un rèé, láì la ẹnu.

Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ó lọ sí Ìgbòjàyè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó kọ́ odidi abúlé alámọ̀ síbẹ̀ fún Aníkúlápó tó jáde lọ́dún 2022. Amọ̀ àti koríko ò wọ́n nínú igbó. Ẹni tó bá wá fẹ́ ya Tinúbú Square ti ayé àwọn àgùdà báyìí, àfi kó lọ wá káfíńtà tó mọ pátákó gún.